Ajá Tó Ń Tẹ Aago Tábìlì Keje

Ọ̀gbẹ́ni Pyo Gwangsik fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì omi nílùú Gunsan níbí, kò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi mu nílé rí. Bí ẹ bá rò pé mò ń parọ́, ẹ bi ìyàwó rẹ̀. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á gbójú sókè wo àjà, á ní, "Omi o," bí ẹni pé inú àjà ni wọ́n ti ń fà á. Ife omi á dé sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀. Kò béèrè rí bó ṣe débẹ̀. Òṣìṣẹ́ omi ni, ó gbà pé omi mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ọdún kẹta rèé tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n táì ọrùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Táì yìí ló fi ń lọ da ìdọ̀tí nù. Láràárọ̀ ló ń fi pólíìṣì dán bàtà dúdú tó fi ń lọ síbi iṣẹ́, á sì tò ó sẹ́nu ọ̀nà kí ó lè máa dúró de ibi tí kò sí. Ojúkojú ni ilẹ̀kùn tèmi àti tiwọn wà ní àjà kẹwàá, ògiri ilé wa sì fẹ́lẹ́ débi pé tí Pyo bá họ orí, mo mọ apá ibi tó họ. Tí ẹ bá kí i nínú lífítì pé, "Bàbá Hyerin, ẹ káàárọ̀," etí rẹ̀ á di. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní, "Ọ̀gá Ẹ̀ka, ẹ káàárọ̀," kódà kí ẹ wà ní àjà kẹrin, á dá yín lóhùn láti òkè. Ẹ̀ka wo ló kù tó ń darí? Fóònù rẹ̀ kì í dún mọ́, àfi tí ìjọba bá fẹ́ kìlọ̀ fún gbogbo ìlú pé eruku ń fẹ́ bọ̀. Òun nìkan ló máa ń gbé e tó máa ní, "Mo ti gbọ́."

Ìyàwó rẹ̀ ni Ma Okbun, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Hyerin. Obìnrin yìí ló ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ta ọbẹ̀ eegun ẹlẹ́dẹ̀ nítòsí èbúté. Tábìlì mẹ́rìnlá ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bọ́tìnnì kan sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Oníbàárà á tẹ̀ ẹ́, á dún "tín-tọ́n," nọ́ńbà tábìlì á yọ ní pupa lára pátákó tó wà lára ògiri, Màmá Hyerin á sì ti fò dìde: "Mo ń bọ̀ o!" Ó fò títí orúnkún méjèèjì fi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Lọ́dún tó kọjá ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó kó ṣíbí, ìkòkò, bọ́tìnnì àti pátákó sínú páálí kan, ó tì í sí kọ̀rọ̀ bákónì. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ tín-tọ́n mọ́ títí òun ó fi wọlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí Hyerin, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Seoul, fi gbé ọmọ ajá kan dé nígbà ọdún ìkórè. Onílé rẹ̀ ti ní òun ò fẹ́ ajá. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, Màmá," ló wí, ẹ sì mọ bí ọ̀sẹ̀ méjì àwọn ọmọ ṣe máa ń gùn. Àwọ̀ ajá náà dà bí ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, orúkọ tí wọ́n sì ń pe irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ níbí ni wọ́n fi pè é: Nurungji. Kò ju bàtà kan lọ, ṣùgbọ́n ìtọ̀ inú rẹ̀ ju ti ẹṣin lọ. Ó tọ̀ sí pálọ̀, ó tọ̀ sí yàrá, ó tọ̀ sábẹ́ fíríìjì. Màmá Hyerin á wólẹ̀ lórí orúnkún tó ń ké, á nu ún. Pyo á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí aṣọ ìnulẹ̀ lè ráyè kọjá. Ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Pyo fẹ́ràn ajá náà, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Nígbàkúùgbà tó bá ti ibi ìdọ̀tí dé, Nurungji á fò dìde, á máa ju ìrù, á máa yí i ká bí ìgbà tí ọ̀gá àgbà bá wọ ọ́fíìsì. Ọdún mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni kò ti dìde fún ọkùnrin yìí. "Ẹ wò ó," ó máa ń sọ fún ẹni tó bá bá pàdé, "ajá yìí mọ ipò."

Nígbà tó di òpin oṣù kẹwàá, Màmá Hyerin sọ aṣọ ìnulẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ní: "Bàbá Hyerin, ẹ gbọ́ mi. Òtútù ti ń bọ̀. Ọjọ́ tí mo bá tan iná abẹ́ ilẹ̀ tó ń mú ilé yìí móoru, gbogbo ìtọ̀ tí ajá yín ti tọ̀ máa hó bí ọbẹ̀. Èmi ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún gbóòórùn ọbẹ̀. Mi ò ní sùn sórí èyí."

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?"

"Kí ó máa tọ̀ síta bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n kí n tó tan iná, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Gochang ló ń lọ."

Pyo mọ Gochang. Ajá tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Màmá Hyerin, ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ata, nínú òjò àti yìnyín.

"Ajá ò lè sọ̀rọ̀," ó ní. "Báwo ló ṣe máa sọ pé òun fẹ́ jáde?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ kọ́ ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ níṣẹ́. Ẹ kọ́ ọ̀kan sí i."

Ọkùnrin wa bá ta gìrì. Ṣé ẹ rò pé ó gbé ajá lọ síta? Rárá o. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fi ọjọ́ méjì kọ Ètò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Nurungji, ojú ìwé mẹ́rin. Lórí ìwé náà ni àpótí mẹ́ta wà fún òǹtẹ̀ bó ṣe máa ń wà lórí ìwé ọ́fíìsì: ti ẹni tó kọ ọ́, ti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ti ẹni tó fọwọ́ sí i. Pyo fi òǹtẹ̀ rẹ̀ lu àkọ́kọ́. Ó mu tíì. Ó lu ìkejì. Ìkẹta, ó fi í di ọjọ́ kejì, ó ní kò dáa kí a máa kánjú fọwọ́ sí nǹkan. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Ó wá pe ajá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Nígbà tó dé ojú ìwé kejì, Nurungji ti tọ̀.

Ojú ìwé kẹta ló sọ nípa aago. Màmá Hyerin ti lọ sí ilé ìwòsàn nítorí orúnkún, ni Pyo bá tú páálí bákónì, ó yọ bọ́tìnnì tábìlì keje, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí a ń bọ́ bàtà sí, níwọ̀n gíga imú ajá. Ó gbé pátákó kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n. Ó wá fi panla gbígbẹ pa bọ́tìnnì lára. Nurungji lá a. Tín-tọ́n! Nọ́ńbà méje yọ ní pupa. Pyo fún un ní panla. Ajá náà wo panla, ó wo bọ́tìnnì, ó wo Pyo, ó sì dá mi lójú pé ibẹ̀ ló ti mọ irú èèyàn tó ń bá gbé. Láàárín wákàtí kan ó ti tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́ta, ikùn rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀, kò sì tíì jáde lẹ́ẹ̀kan.

Màmá Hyerin padà dé, kò rí nǹkan kan, ó jókòó, ó ń bó aáyù. Tín-tọ́n.

"Mo ń bọ̀ o!"

Aáyù fọ́n káàkiri. Kí obìnrin náà tó mọ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀. Ajá ló bá níbẹ̀, tó ń wò ó bí oníbàárà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ògiri bí ẹni pé yàrá mi ló ti ń sọ̀rọ̀.

"Ta ló tú páálí mi?"

"Fara balẹ̀. Ètò ni. Ajá á tẹ aago, a ó ṣí ilẹ̀kùn, a ó mú un sọ̀kalẹ̀, á tọ̀. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀."

"Ta ni 'a ó'?"

"Àwa."

"Àwa ta, Bàbá Hyerin?"

Ó na ìka sí ojú ìwé kẹta. "Ẹni tó bá wà nítòsí. Ó wà níbẹ̀."

Ẹni tó bá wà nítòsí! Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú ilé náà.

Kí ni obìnrin náà ì bá ṣe? Orí rẹ̀ ní kó má dìde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ràn sí orí lẹ́nu. Ìyà ọdún mẹ́rìnlélógún ti wọ eegun. Aago á dún, á ti wà lórí ìdúró. Nígbà tó bá sì ti dìde tán, á ní, ó kúkú yá, á gbé ajá wọ lífítì, á mú un lọ sábẹ́ igi kan tó wà nísàlẹ̀, ajá á tọ̀, á fọwọ́ pa á lórí, á ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó gba panla mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú: títọ̀ ni ẹ̀bùn tọ́ sí, kì í ṣe títẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, gbogbo rẹ̀ ti yé Nurungji. Tó bá fẹ́ tọ̀, á tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá fẹ́ tọ̀, á fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Ajá tó gbọ́n ju ẹ̀ka kan lódindi lọ!

Pyo ńkọ́? Ó kọ "Ó yọrí sí rere" sísàlẹ̀ ètò, ó lù ú lóǹtẹ̀, ó wé táì, ó lọ sọ́dọ̀ bàbá Tak, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa.

"Ọ̀gá, mo gbọ́ pé ajá yín ń tẹ aago bí èèyàn," ni Tak wí.

"Ìlànà ni. Ohun tí ìlànà bá kọ́, kì í gbàgbé."

"Ṣùgbọ́n Màmá Hyerin ni mo máa ń rí pẹ̀lú ẹ̀ lábẹ́ igi."

"Òun ló ń bójú tó iṣẹ́ ìta."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Èmi ń mójú tó o láti òkè."

Bàbá Tak wo òkè, àjà kẹwàá. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí Ọlọ́run gan-an lẹ ṣe ń ṣe é."

Pyo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n bú òun.

Ìgbà tí a ń ṣe kimchi fún gbogbo ọdún wá dé. Ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Gochang ni Màmá Hyerin ti ń ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta gbáko pẹ̀lú igba kábéèjì, iyọ̀ àti ata. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó tan iná abẹ́ ilẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi máa fi mọ́tò gbé èmi àti kimchi bọ̀. Mo ti tan iná. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi máa se ohun tó bá wà nílẹ̀. Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn yìí tí imú mi gbọ́ nǹkan kan, inú mọ́tò tó gbé kábéèjì wá ni ajá máa bá lọ. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Ajá ti mọ̀ ọ́n. O ti rí òǹtẹ̀."

"Ajá mọ̀ ọ́n lóòótọ́," ni obìnrin náà wí, ó sì lọ.

Ní bíi agogo mẹ́wàá, tín-tọ́n. Pyo ń ka ìwé ìròyìn. Ó gbójú sókè wo pátákó, ó rí i pé méje ni. Ó yí ojú ìwé. Tín-tọ́n. "Màmá Hyerin, tábìlì keje!" Tín-tọ́n. Ó wá fi ohùn ìpàdé ké pé, "Ẹni tó bá wà nítòsí!" Mo wà nínú ilé tèmi, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí n gbé e mì. Nurungji ti ṣe gbogbo ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí bàtà dúdú tó ń dán, ó gbé ẹsẹ̀, ó tọ̀ sínú ti ọ̀tún.

Láìpẹ́ ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi. Pyo ni, pẹ̀lú táì.

"Ará iwájú, jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ń kó aṣọ ìnulẹ̀ sí?"

"Nílé tiwa ni, Ọ̀gá, àbí nílé tiyín?"

Ó ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ó padà. Tówẹ́ẹ̀lì tó fi ń nu ojú ló fi nu ilẹ̀.

Lọ́sàn-án, tín-tọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí ó dìde, ẹ jẹ́ ká yìn ín. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ han ajá, ó ní, "Ó yá, máa lọ." Ajá wo ọ̀nà, ó wo lífítì tí kò lè tẹ̀, ó wo Pyo. Pyo ti ilẹ̀kùn. Nurungji tọ̀ sínú bàtà òsì, kí bàtà méjèèjì má baà jowú ara wọn.

Ọkùnrin náà wá rántí bí wọ́n ṣe ń yanjú ẹ̀sùn ará ìlú níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́: ó yọ wáyà pátákó. Ilé pa rọ́rọ́. Ajá tẹ bọ́tìnnì, kò dún. Ó tún un tẹ̀, kò dún. Ó wá sí pálọ̀, ó jókòó síwájú Pyo, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó padà lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé orí lé ẹsẹ̀. Pyo jáde lọ da ìdọ̀tí nù. Nígbà tó dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí. Nurungji kò dìde. Ìrù kò mì.

"Nurungji. Èmi ni."

Ajá yí ojú sí ògiri.

Mo gbọ́ bó ṣe dúró síbẹ̀ tí kò wọlé. Ẹ má tíì ṣàánú rẹ̀ o, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ṣùgbọ́n mo rò pé ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀wọ̀n Gochang, oko ata, àti ilé tí kò sí ẹni tó máa dìde mọ́ tó bá wọlé, bẹ̀rẹ̀ láti Sátidé títí ayé. Ó fi wáyà pátákó padà.

Ọjọ́ Ẹtì wá di ọjọ́ ìran. Tín-tọ́n: Pyo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ìsùn, táì, àti sálúbàtà ìyàwó rẹ̀, nítorí pé bàtà tirẹ̀ ń gbẹ ní bákónì. Tín-tọ́n: ó fi ìrẹsì sílẹ̀ lẹ́nu. Tín-tọ́n: ó wà ní balùwẹ̀, ọṣẹ wà létí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kì í dúró de ìkejì mọ́, bí aago bá ṣe "tín" báyìí, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó ṣe "tọ́n." Bàbá Tak ka ìgbà mọ́kànlá.

"Ọ̀gá, ṣé iṣẹ́ ìta ti bọ́ sọ́wọ́ yín ni?"

"Àyẹ̀wò ni mo wá ṣe."

"Sálúbàtà àyẹ̀wò náà bá yín mu o."

Sátidé pé. Wọ́n ní kí n wá bá wọn gbé ìkòkò kimchi láti inú lífítì, mo sì sáré débẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè sí ìdána. Màmá Hyerin wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó wólẹ̀, ó fi imú tọ ilẹ̀ gbígbóná láti ògiri dé ògiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn ọṣẹ gba gbogbo ilé, ó tó odindi ìgò kan. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ọṣẹ, níbi tí a ń bọ́ bàtà sí... imú tèmi náà gbọ́ ọ.

"Bàtà yín dà, Bàbá Hyerin?"

"Mo fọ̀ wọ́n."

"Ẹ̀yin? Ẹ fọ kí ni?"

"Ṣé kí n so ó?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè, ó ti ń tú okùn.

Wọ́n ti gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ àti kimchi tuntun sílẹ̀ bí a ṣe máa ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí a bá ṣe é, Pyo sì ti fi òkèlè ńlá kan sẹ́nu kí ó má baà sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ wà lára okùn.

Tín-tọ́n.

Màmá Hyerin ti fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti ké. Ṣùgbọ́n kí ìdí rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, ẹnì kan ti ké pé, "Mo ń bọ̀ o! Mo ń bọ̀!" Kábéèjì ń jò lẹ́nu rẹ̀, ata wà lára táì, sálúbàtà kan wà lẹ́sẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́. Ó gba àárín obìnrin méjèèjì kọjá, ó gbá ajá mọ́ra, lífítì sì gbé wọn lọ.

"Ta nìyẹn?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ọkọ mi ni."

"Gwangsik? Ọkùnrin tó ní kí o yọ eegun ẹja fún òun lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá wa?"

Màmá Hyerin ń wo nọ́ńbà pupa lára pátákó, ó sì ń wo ìdí ara rẹ̀ tó wà nílẹ̀. Aago ti dún, òun sì jókòó. Ó rọra na ẹsẹ̀ kan sórí ilẹ̀ gbígbóná. Ó na ìkejì.

"Ó yá, kí n so ajá náà nígbà tí wọ́n bá gòkè?" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Imú mi ń gbọ́ ìtọ̀."

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Okbun! Níbi bàtà níbẹ̀ yẹn..."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní imú mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ká okùn yín, ẹ jẹ ẹran."

Bí ajá ṣe dúró sí Gunsan nìyẹn. Nígbà tí Pyo gòkè tó gbọ́ ọ, ṣé ẹ rò pé ó sunkún ayọ̀, tàbí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀? Ó tún táì ṣe, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ìlànà," ó sì mú òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ sídìí fíríìjì. Títí di òní ó ń sọ fún bàbá Tak pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun fi kọ́ ajá. Ó ń rò pé ajá ni wọ́n kọ́.

Màmá Hyerin kò bá a jiyàn. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, mo rí i tó lọ sí bákónì, tó wá inú páálí, tó sì mú nǹkan kékeré kan dání wọlé.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, mo gbọ́ ọ nínú ògiri. Tín-tọ́n.

"Mo ń bọ̀ o!" Ẹsẹ̀ Pyo dún dé ẹnu ọ̀nà. "Nurungji? Ṣebí o ń sùn." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń ka pátákó, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọ ọ́fíìsì tuntun. "Mẹ́jọ? Màmá Hyerin, ta ni mẹ́jọ?"

Ohùn obìnrin náà ti ilẹ̀ gbígbóná wá, ó tutù pẹ̀lẹ́, bí ti ẹni tó dùbúlẹ̀ tó ń wo àjà.

"Omi o."

Mo gbọ́ tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan. Ó ṣí òmíràn. Ó tún ṣí òmíràn. Ọ̀gá ọ́fíìsì omi ń wá ife.